Àárọ̀ Wẹ́dà àti Àwọn Ọmọ Rẹ̀

Wọ́n ní ògiri létí. Ògiri tó wà láàárín yàrá mi àti ti Wẹ́dà létí, ó sì tún lẹ́nu. Bí ọmọ bá sín lọ́hùn-ún, èmi ni mo máa ń sọ pé "pẹ̀lẹ́" níbí. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má wá sọ fún mi pé mi ò mọ ohun tí mò ń wí. Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń ránṣọ lẹ́bàá fèrèsé mi, tí òun náà ń jó irin pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní ìkángun òpópónà.

Èèyàn dáadáa ni. Àmọ́ ogún ọdún tó ti ń gé irin, tó ń fi ẹ̀rọ dán an, ti gba etí lọ́wọ́ rẹ̀. Ti òsì ò gbọ́ nǹkan kan mọ́, ti ọ̀tún ń gbọ́ díẹ̀díẹ̀. Ẹni tí ò gbọ́ ohùn ara rẹ̀, báwo ló ṣe máa mọ̀ pé òun ń pariwo? Bó bá kí ẹ pé "ẹ kú iṣẹ́", wàá rò pé ìjà ló ń wá. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ wà láyé, ìyẹn ló ń bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀. Á rọra jí wọn, á wẹ̀ wọ́n, á wọṣọ fún wọn, Wẹ́dà á kàn gbé báàgì ìwé wọn dé ẹnu ọ̀nà. Àìsàn ọjọ́ mẹ́ta péré ló mú obìnrin náà lọ. Ó fi ọmọ méjì sílẹ̀, obìnrin ọmọ ọdún méje àti ọkùnrin ọmọ ọdún mẹ́rin.

Àárọ̀ wá di ogun. "Ìbọ̀sẹ̀ ẹ dà? Jẹun! Ẹ ti pẹ́!" Ọmọkùnrin á bú sẹ́kún, bàbá á tún gbóhùn sókè láti rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, ẹkún á wá di méjì. Lọ́jọ́ kan tí mo ti ránṣọ dé òru, igbe yẹn ló jí mi. Inú bí mi, mo gbé fóònù, mo pe ìyá ìyàwó rẹ̀. Mo ní, "Màmá, ẹ wá wo àwọn ọmọ-ọmọ yín o. Bàbá wọn á fi igbe pa wọ́n." Màmá ní òun ti gbọ́, òun ò ní sọ ẹni tó pe òun, òun á wá fi ojú ara òun rí i.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ni Wẹ́dà wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì mi. Ó ní, "Ìyá Aránṣọ, àwọn ọmọ ń bẹ̀rù mi." Gbogbo àdúgbò ló gbọ́, kò sì mọ̀. Ojú rẹ̀ pọ́n. "Mi ò mọ bí ìyá wọn ṣe ń ṣe é."

Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo bi í pé, "Bí ẹ̀rọ bá ń ké ní ṣọ́ọ̀bù, báwo lo ṣe ń bá àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ sọ̀rọ̀?"

Ó ní, "Ọwọ́ la fi ń sọ̀rọ̀."

"Ṣé o rí i? Lọ fi ọwọ́ jí ọmọ ẹ."

Ó ṣe é ju bí mo ṣe sọ ọ́ lọ. Láti ìrọ̀lẹ́ ló ti ń kó aṣọ ilé-ìwé sórí àga, á ki ìbọ̀sẹ̀ bọ inú bàtà. Láàárọ̀, á fọwọ́ kan èjìká wọn lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á jí. Ìkúùkù méjì tó pàdé, tó túmọ̀ sí "jó wọn pọ̀" níbi iṣẹ́, di "de bọ́tìnnì ẹ". Àtẹ́lẹwọ́ tí wọ́n nà síwájú ni "dúró ná". Ó sọ ọ́ di eré fún wọn: ẹni tó bá kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó kọjá ẹnu ọ̀nà ni yóò fọ abọ́ alẹ́. Kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tó fi jẹ́ pé ìró ṣíbí nìkan ló ń dé ọ̀dọ̀ mi, àti ẹ̀rín tí wọ́n ń pa mọ́ sí imú. Wọ́n tètè ń múra débi pé àyè wà fún wọn láti jókòó ti bàbá wọn díẹ̀ kí wọ́n tó lọ. Ó dùn mọ́ mi débi pé mo gbàgbé pé mo pe ẹnì kan. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Mi ò pe Màmá padà.

Lóṣù kejì, Màmá dé láàárọ̀ kùtù. Mo tẹ̀lé e wọlé lọ kí i. Wẹ́dà tẹrí ba, ó fà á lọ́wọ́ jókòó, ó fi ìka kan ètè. Ó fẹ́ kí Màmá rí bí ilé ṣe tòrò. Ó wá kọ ẹ̀yìn sí wa, ó ń po tíì.

Màmá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú ọmọbìnrin náà. "Ọmọ mi, kí ni bàbá yín ń ṣe fún yín tí ẹ ò lè sọ̀rọ̀?"

Ọmọ náà wo àbúrò rẹ̀, tó ń retí kó pàdánù. Ó pa ètè dé, ó na àtẹ́lẹwọ́ síwájú. Dúró ná, ìyẹn ni pé tá a bá jáde, màá sọ. Màmá rò pé ó ń fi ọwọ́ gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ ìgbátí. Mo rí i lójú rẹ̀.

Ó yíjú sí mi. Gbólóhùn kan péré ni mo nílò. Àmọ́ bí mo bá là á yé e, ó máa bi mí pé, ṣebí ìwọ lo pè mí? Etí Wẹ́dà ò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́, ṣùgbọ́n kò fọ́jú, á kà á lójú wa. Mo wo ilẹ̀.

Màmá ti ń kó aṣọ wọn sínú báàgì kí Wẹ́dà tó yíjú padà. "KÍ NI MO ṢE?" Ife tó wà lórí tábìlì mì.

Màmá gbé ọmọkùnrin mọ́ra. "Ohun tí mo gbọ́ rèé," ló wí.

Ọmọkùnrin kígbe "Bàbá!" lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó rò pé wọ́n kàn ń lọ kí Màmá nílé ni, rẹ́rìn-ín láti inú mọ́tò tó gbé Màmá wá. "Bàbá, òun ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀! Èmi ni mo borí!" Bàbá wọn ti kọjú sí ògiri, kò gbọ́.

Ó ti pé oṣù mẹ́rin báyìí tí àwọn ọmọ ti wà lọ́dọ̀ Màmá. Ní gbogbo ìparí ọ̀sẹ̀, Wẹ́dà máa ń wá bá mi. "Ìyá Aránṣọ, ẹ bá mi dé ọ̀dọ̀ Màmá. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi, ẹ̀yin lẹlẹ́rìí mi. Ohùn yín tutù, á gbọ́ tiyín."

Mo máa ń sọ pé ó di Sátidé tó ń bọ̀. Ó sì máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi kó tó padà sí yàrá rẹ̀.