Ẹ̀jẹ̀ Tó Ki Jù

Ní Ọjọ́ Ìsinmi kejì nínú oṣù kìíní ọdún 1993, Leah Àyànlàjà gbé iṣu mẹ́ta jó lọ síwájú pẹpẹ nínú ṣọ́ọ̀ṣì Kérúbù àti Séráfù kan ní Adegbayi. Ó ti lọ sùtánà rẹ̀ dáadáa. Ó ní òun fẹ́ jẹ́rìí.

Ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta ni. Epo ni òun àti Josiah ọkọ rẹ̀ ń fọ ní abúlé kan lẹ́yìn Egbeda. Láti ìgbà òjò ni nǹkan ti ń di àyà rẹ̀ mú bó bá pọnmi gun òkè odò. Á dúró, á gbọ́wọ́ lé àyà, á sì tún máa lọ tó bá ti rọ̀ ọ́. Ó lọ sí ilé ìwòsàn ńlá nígboro, níbi tí wọ́n ti ń gba ẹ̀jẹ̀ àwọn obìnrin tí nǹkan oṣù wọn ti dúró láti fi ṣèwádìí. Nígbà tí èsì jáde, dókítà wò ó, ó ní, “Mama, ẹ̀jẹ̀ yín ki jù.”

Ohun tó gbé wá sí ṣọ́ọ̀ṣì nìyẹn. Ó ní àwọn ẹgbẹ́ òun ń ra oògùn ẹ̀jẹ̀ mu káàkiri, àmọ́ Olúwa kò jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tán lára òun, pé dókítà fẹnu ara rẹ̀ sọ pé ó ki. Ìjọ ké halelúyà. Obìnrin kan láàárín àwọn akọrin ní, “Ìyá Sanmí, ẹ bù fún wa níbẹ̀,” gbogbo wọn sì rẹ́rìn-ín.

Kò purọ́. Láti kékeré, bí àdá bá gé e, kó tó wá ewé tí yóò fi dí i, ẹ̀jẹ̀ ti dá. Ọmọ márùn-ún ló bí, kò sì sí ìgbà kankan tí ẹ̀jẹ̀ dà lára rẹ̀ débi tó ń dẹ́rù bani. Nítorí náà, nígbà tí ẹni tó ń pín oògùn nílé ìwòsàn náà fún un ní hóró funfun wẹ́wẹ́, tó ní kò ní jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ máa tètè dì, Leah dúpẹ́, ó gbà á, àmọ́ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni pé wọ́n ṣèèṣì fún òun ní oògùn ẹlòmíràn. Ó dì í sínú aṣọ, ó fi sábẹ́ ẹní.

Títíladé, nọ́ọ̀sì ìlera ní Egbeda, wà nínú ìjọ lọ́jọ́ náà. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ó wá bá wọn níbi tí wọ́n ti ń fọ epo. Ó kí Josiah, ó kí Leah, ó jókòó, ó sì béèrè oògùn tí wọ́n fún un nílé ìwòsàn.

Leah rẹ́rìn-ín. “Títí, ṣé ìwọ náà fẹ́ kí n máa ṣàn bí omi ni?”

“Kí ni dókítà sọ gan-an, mà?”

“Ó ní ó ki jù.”

“Ẹ ò sọ ‘jù’ ní ṣọ́ọ̀ṣì.”

“Ṣebí bí ọbẹ̀ bá dùn, a máa ń ní ó dùn jù?”

Ọyẹ́ mú gidi. Títíladé mú ìgò epo kan nílẹ̀, ó dojú rẹ̀ dé. Ẹ̀kán kan kò jáde. Leah sọ fún un pé epo ti dì lọ́rùn ìgò.

“Ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà wọnú ọkàn yín tín-ín-rín ju ọrùn ìgò yìí lọ, mà.”

Ó wá ṣàlàyé. Èròjà kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ gbogbo ènìyàn tó ń mú kó dì lójú ọgbẹ́. Ó ti ṣe Leah lóore lójú àdá àti lórí ìkúnlẹ̀. Àmọ́ bí nǹkan oṣù obìnrin bá dúró, a máa pọ̀ sí i lára ẹlòmíràn, tirẹ̀ sì ti kọjá ààlà. Bí ẹ̀jẹ̀ bá dì nínú níbi tí kò sí ọgbẹ́, ọkàn kò ní rí ẹ̀jẹ̀ gbà mọ́. Ohun tó ń di àyà rẹ̀ mú lórí òkè odò kò yàtọ̀ sí ìkìlọ̀.

Kì í ṣe oògùn ni Leah ń rò mọ́.

“Mo ti dúpẹ́ níwájú Ọlọ́run. Ṣé kí n padà lọ sọ pé mo ṣìwí ni?”

“Wọ́n tètè rí i lára yín kó tó gbé yín ṣubú. Ìyẹn náà tó ọpẹ́, mà.”

Josiah dìde, ó wọlé. Nígbà tó jáde, aṣọ tó di oògùn náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti mọ ibi tó wà.

Ó ní, “Lánàá, mo dúró lókè odò tí mò ń wò ọ́. Mo kà dé ogójì kí o tó lè gbẹ́sẹ̀.”

Leah wo ojú rẹ̀. Ó béèrè lọ́wọ́ Títíladé bóyá kí òun kọ́kọ́ jẹun. Títíladé ní bẹ́ẹ̀ ni, kó má lò ó láìjẹun. Ó jẹ ẹ̀kọ méjì, ó gbé hóró kan sẹ́nu, ó mu omi tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà ó béèrè ọjọ́ tí dókítà máa ń rí ènìyàn. Títíladé ní Ọjọ́bọ̀ ni. Ó sọ fún Josiah pé kó wá ẹni tí yóò bá a fọ epo lọ́jọ́ náà.