Ẹ̀ẹ̀mẹjọ Tí Mo Kọ ‘Mo Ti Rí I’

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fara balẹ̀ kí n ro ohun tí ojú mi rí nílé ìwé ọmọ mi fún yín. Ọ̀rọ̀ náà kò gùn. Ẹni tó mọ̀ mí ti ń rẹ́rìn-ín báyìí, torí ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ mi kì í kúrú.

Ọ́fíìsì àwọn tó ń bá èèyàn gba ẹrù jáde ní èbúté ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ní Wharf Road, Àpápá. Iṣẹ́ mi ni kí n máa kọ nọ́ńbà kọ̀ǹténà sílẹ̀. Lẹ́tà mẹ́rin, nọ́ńbà méje. Bí mo bá ṣi ẹyọ kan kọ, ẹja dídì lè lọ bá ẹni tó ra táyà. Ẹ ò rí i pé kì í ṣe ẹjọ́ mi bí mo ṣe máa ń kọ gbogbo nǹkan sílẹ̀?

Ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí, Tèmítọ́pẹ́, Tèmi la máa ń pè é. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni, ó ń lọ sílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ajégúnlẹ̀ níbí. Wọ́n ní ìwé kékeré kan tí tíṣà ń kọ iṣẹ́ àṣetiléwá sí. Òbí á kà á nírọ̀lẹ́, á fọwọ́ sí i, ó parí.

Èmi kì í fọwọ́ sí i lásán. Mo máa ń kọ ọ́ pé ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí. Tèmi sín lẹ́ẹ̀mejì lónìí. Ìdajì ẹyin ló jẹ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó jókòó sábẹ́ fáànù. Àǹtí Bùkọ́lá, tíṣà rẹ̀, á kọ sísàlẹ̀ pé, ‘A ti gbọ́, mà.’ Mo gbọ́ pé wọ́n máa ń ka lẹ́tà mi sókè ní yàrá àwọn tíṣà. Kò dùn mí. Ó kúkú dáa, wọ́n ń kà á.

Ó wá di ọjọ́ Mọ́ńdè kan. Ọkọ mi, awakọ̀ tírélà, gun orí ẹrù ní Liverpool Road kó lè fa tapólì bò ó. Ó ṣubú. Egungun itan rẹ̀ ṣẹ́. Wọ́n dá a dúró sí ọsibítù, kò sì lè dá jókòó. Èmi ni mo gbọ́dọ̀ máa lọ wẹ̀ ẹ́, kí n fún un lóúnjẹ, kí n tó lọ síbi iṣẹ́. Ìyẹn ni pé mo gbọ́dọ̀ kúrò nílé ní aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí.

Ta ni yóò wá mú Tèmi sọdá Malu Road?

Ẹni tí kò bá débẹ̀ rí, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Tírélà ń lọ, tírélà ń bọ̀, èyí tí kò lọ tí kò bọ̀ dúró sáàárín. Láti jẹ́lé-ó-sinmi ni mo ti ń di ọwọ́ ọmọ yìí mú sọdá. Mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá mi dì í mú rí, títí kan bàbá rẹ̀. Ní báyìí, ó ń dá sọdá! Mo kọ́ ọ pé kó dúró de obìnrin tó bá pọnmọ, kó bá a sọdá, torí ẹni tó pọnmọ kì í ki orí bọ títì.

Láràárọ̀, bí aago bá ti lu méje ku ogún ìṣẹ́jú, tí Tèmi ń sọdá, ọkàn mi á kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, á lọ sí Malu Road. Ọkọ mi á ní, ‘Ìyá Tèmi, ògì yẹn ń ṣàn sí mi lọ́rùn.’

Ẹ ó ní kí ló dé tí mi ò sọ fún ilé ìwé? Ìyá ọkọ mi ní ilé ẹni la ti ń jẹ èkúté onídodo. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀. Mo rò pé bí tíṣà bá gbọ́, wọ́n á ní mi ò lè tọ́mọ. Ìyá ọkọ mi sì ti ní kí n fa ọmọ náà lé àwọn lọ́wọ́, kó máa gbé ọ̀dọ̀ àwọn ní Ìjẹ̀bú-Igbó títí bàbá rẹ̀ yóò fi rìn. Mo bẹ̀ wọ́n títí, wọ́n fún mi láyè di Sátidé ọ̀sẹ̀ kejì. Bí mi ò bá rí ẹni tí yóò máa mú un sọdá kó tó dìgbà náà, ọmọ mi lọ nìyẹn.

Mo wá kọ́ Tèmi pé bí wọ́n bá bi í, kó ní dádì rìnrìn àjò.

Ìwé àṣetiléwá ńkọ́? Agbára kò sí. Láti ìrọ̀lẹ́ Mọ́ńdè yẹn, ‘Mo ti rí i’ ni mò ń kọ. Mo kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹjọ. Ní Tọ́sìdeè ọ̀sẹ̀ kejì, Àǹtí Bùkọ́lá kọ̀wé pé kí n wá rí ọ̀gá wọn ní aago méjìlá ọjọ́ kejì.

Ẹ̀rù bà mí. Mo jókòó, mo kọ àwíjàre, kókó mẹ́rìnlá. Kókó kìíní dá lórí ìbọ̀sẹ̀ Tèmi méjì tí kò bára mu ní ọjọ́ Wẹ́sìdeè.

Bí mo ti dé géètì, bàbá tó ń ṣọ́ ọ pariwo, ‘Mama Temi! You travel? Since last week we no see letter o!’

Mo bi í bóyá òun náà ń ka lẹ́tà mi ni.

‘Na me dey read am last.’

Ọ̀gá ilé ìwé jẹ́ màmá àgbàlagbà kan tí kì í rẹ́rìn-ín. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo yọ ìwé mi, mo ka ti ìbọ̀sẹ̀ fún wọn. Wọ́n gbọ́ ọ tán.

‘Mélòó ló kù?’

‘Mẹ́tàlá, mà.’

Wọ́n ní kí n jọ̀ọ́ gbé e sílẹ̀ ná.

Àǹtí Bùkọ́lá ṣí ìwé Tèmi síwájú mi. ‘Mà, ẹ wò ó. Mo ti rí i, mo ti rí i, ẹ̀ẹ̀mẹjọ. Nígbà tí ẹ ń kọ ojú ewé kan lójoojúmọ́, a máa ń rẹ́rìn-ín, ẹ má bínú. Ìgbà tí ẹ dákẹ́ ni ẹ̀rù bà mí. Mo bi Tèmi, ó ní dádì rìnrìn àjò. Mo ní níbo? Ó ní mọ́mì òun ò tíì sọ ibi tí òun máa pè.’

Mo wolẹ̀. Lóòótọ́, mi ò sọ ibẹ̀ fún un. Ẹ̀bi mi ni.

Ọ̀gá wọn ò wàásù fún mi. Ìbéèrè kan ni wọ́n bi mí: ‘Ìyá Tèmi, ta ló ń mú ọmọ yìí sọdá títì?’

Mo lanu láti sọ pé àlàáfíà la wà. Ẹkún ló jáde. Mo sunkún fún ìṣẹ́jú mẹ́rin (aago wà lára ògiri níwájú mi). Lẹ́yìn náà mo sọ gbogbo rẹ̀: ọsibítù, Malu Road, Ìjẹ̀bú-Igbó.

Ẹ gbọ́, kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ tí wọ́n fi yanjú ẹ̀. Àǹtí Bùkọ́lá ní ojú ọ̀nà òun ni ilé wa, òun á máa yà mú un láràárọ̀. Ọ̀gá wọn ní kó máa dúró ti àwọn tó ń ṣe ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ títí n óò fi dé. Wọ́n ní ká ní mo ti sọ lọ́jọ́ kìíní ni, ọmọ náà ì bá má dá sọdá rárá.

Mo bi Àǹtí Bùkọ́lá pé ọwọ́ wo ni yóò fi dì í mú.

‘Èyí tó bá wù yín, mà.’

Mo ní ọ̀tún. Ó kọ ọ́ sílẹ̀!

Ní Sátidé, ìyá ọkọ mi dé pẹ̀lú báàgì òfìfo fún aṣọ Tèmi. Mo ṣàlàyé fún wọn.

‘O lọ tú àṣírí ilé fún tíṣà?’

‘Bẹ́ẹ̀ ni, mà.’

‘Kí ni wọ́n wá sọ?’

‘Wọ́n ní ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n á máa fi dì í mú, mà.’

Báàgì òfìfo tí wọ́n gbé wá ni wọ́n gbé padà.

Ọkọ mi ti ń fi ọ̀pá rìn báyìí. Lẹ́tà mi náà ti padà dé, ó ti di ojú ewé kan àti ààbọ̀.

Ẹ̀yin tíṣà tó bá ń ka èyí, ẹ má dúró dìgbà tí ọmọ bá fìdí rẹmi nínú ìdánwò. Bí òbí tó ń yọ yín lẹ́nu bá dákẹ́ lójijì, ẹ pè é. Ẹ má bi í ní ogún ìbéèrè, ẹyọ kan tó. Ẹ̀yin òbí ẹgbẹ́ mi, mo ṣì gbà pé ilé ẹni la ti ń jẹ èkúté onídodo. Ṣùgbọ́n Malu Road kì í ṣe ilé ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé tíṣà kan ti fura sí ìṣòro yín rí kí ẹ tó lanu sọ ọ́? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, gbogbo rẹ̀ ni n óò kà. Ẹ ṣáà má kọ ‘Mo ti rí i’ o. Ẹ̀rù á bà mí nítorí yín.