Alápàáta Tí Kò Ta Ẹran

Ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlélógún ni àbúrò ìyàwó mi jẹ mí. Ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án fún àwọ̀n tó fi ṣe ìbòòji, ẹgbẹ̀rún mẹ́fà fún ọkọ̀ tó kó òkúta wá, ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án fún omi ẹ̀rọ. Gbogbo rẹ̀ nítorí ewéko kan tí kò ga ju ìka ọwọ́ mi lọ, tí kò ṣeé jẹ, tí ẹnikẹ́ni ò sì bèèrè pé òun fẹ́ rà.

Iṣẹ́ lílẹ táìsì sílẹ̀ ilé ló ń ṣe, yàrá ẹ̀yìn ilé mi ló sì ń gbé. Ọwọ́ rẹ̀ le bí ìdí ìkòkò, síbẹ̀ n kò tíì rí i kó fọ́ táìsì kan. Kó tó lẹ èyíkéyìí, á kọ́kọ́ fi ìka kàn án, á dẹ etí sí i bí ẹni tó ń kanlẹ̀kùn àna.

Ní ọdún márùn-ún sẹ́yìn, ó ń ṣiṣẹ́ nílé kan tó kọjú sí ibi tí wọ́n ti ń fọ́ àpáta. Wọ́n ní lọ́la ni àwọn máa fi ẹ̀tù fọ́ èyí tó kù. Ó gun orí rẹ̀ lọ wò ó, ló bá rí ewéko kan tó lẹ̀ mọ́ àpáta gbalasa, láìsí erùpẹ̀ kankan lábẹ́ rẹ̀. Ó fi òòlù àti irin gbẹ́ òkúta náà tewétewé, ó gbé e wálé nínú àpò sìmẹ́ńtì. Lọ́jọ́ kejì, àpáta di òkúta wẹ́wẹ́.

"Àfòmọ́ lo gbé wọlé yìí o," ìyàwó mi wí.

"Àǹtí mi, àfòmọ́ ń jẹ ara igi. Kí ni èyí fẹ́ rí jẹ lára òkúta?"

Ìbéèrè náà wọ èmi náà lára.

Èmi ni mo ní kó gbìn ín sínú ilẹ̀ gidi, n kò ní parọ́. Ó ya díẹ̀ lára rẹ̀, ó gbìn ín sínú ìkòkò tó kún fún ilẹ̀ dúdú àti ìgbẹ́ adìẹ. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó fi rà. Èyí tó kù lórí òkúta ló wá kọ́ wa lọ́gbọ́n. Gbòǹgbò rẹ̀ nà síta, ó funfun bí ẹfun. Bí àbúrò ìyàwó mi ṣe wọ́n omi sí i báyìí, ló bá di àwọ̀ ewé níṣojú wa.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ wò ó! Ìta ló ń gbé! Atẹ́gùn ló fẹ́."

"Ó fẹ́ atẹ́gùn, ó tún fẹ́ owó mi."

Láti ọjọ́ yẹn, orí òkúta ló ń gbé wọn lé, á gbé òkúta náà dagẹ̀rẹ̀ díẹ̀ kí omi lè ṣàn kúrò. Tó bá fẹ́ pín in, á rí i dájú pé igi mẹ́ta tó wú bí kókó wà nídìí ọ̀kọ̀ọ̀kan tó bá yà. Lọ́dún kẹta, ọ̀kan ti di mọ́kànlá. Ṣùgbọ́n ẹyọ òdòdó kan kò yọ. Ìyàwó mi ní funfun ló máa jẹ́. Akunlé tí òun àti àna mi jọ ń ṣiṣẹ́ ní pupa ni. Èmi ní owó omi ni mò ń san, n kò tíì rí òdòdó.

Akunlé yìí ló fi ọ̀dà tó ṣẹ́ kù kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn pé ALAPATA. A ní kó fi àmì ohùn sí i, ó ní àmì ohùn ń jẹ ọ̀dà. Kò pẹ́ tí ọkùnrin kan fi wọlé pẹ̀lú ike lọ́wọ́.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ gé ẹsẹ̀ ewúrẹ́ kan fún mi."

"Bọ̀dá, òkúta ni mo ní."

"Òkúta ewúrẹ́?"

A rẹ́rìn-ín títí. Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀, ó wo àwọn ewéko náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó gbàgbé ẹran. Nígbà tó ń lọ, ó ní, "Tó bá yọ òdòdó, ẹ ránṣẹ́ sí mi."

Ẹ̀rùn tó kọjá ni ìwé owó omi dé. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Mo pe àna mi jókòó.

"Láàárọ̀, lálẹ́, ò ń fọ́n omi sí òkúta. Orí àpáta tó o ti rí i, ta ló ń bu omi fún un nígbà ẹ̀rùn?"

Ó gbójú wo òkè.

"Ìrì?" ó wí.

"Ìrì kì í fi ìwé owó ránṣẹ́ sí mi." Mo fi àgádágodo ti ẹ̀rọ omi ẹ̀yìnkùlé pa.

"Tí wọ́n bá kú, Ẹ̀gbọ́n, kò síbi tá a ti máa rí òmíràn. Àpáta wọn ti di ilẹ̀ ilé onílé. Tí wọ́n bá kú, gbèsè yín náà kú nìyẹn."

"Tí wọ́n bá yọ òdòdó ńkọ́?"

"Màá san án pé pérépéré."

Oṣù kìíní, ewé wọn rọ. Oṣù kejì, igi wọn hun jọ bí ìka alágbàfọ̀. Àna mi kò jẹun dáadáa mọ́, ìyàwó mi kò bá mi sọ̀rọ̀ ju "ẹ káàárọ̀" lọ. Èmi náà ń dìde kùtù lọ wò wọ́n. Lọ́jọ́ kan, mo ti mú kọ́kọ́rọ́ dání kí n tó yí padà.

Ìyàwó mi ló kọ́kọ́ rí i. "Olówó orí mi, kí ló yọ síbí?"

Orí kan bí orí ìṣáná ló ń yọ nídìí igi tó hun jọ jù. Ọjọ́ mẹ́tàlá lẹ́yìn náà ló là. Kò ju bọ́tìnì ẹ̀wù lọ. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọ́n, ó ní àmì tótòtó tó pọ́n bí ilẹ̀ pupa. Kò sẹ́ni kankan nínú wa tó sọ àwọ̀ rẹ̀ bó ṣe rí. Láàárọ̀, ó ń ta sánsán bí oyin. Tó bá di ọ̀sán, ẹ fi imú kàn án, kò sí nǹkan kan.

"Ta ló ń pè láàárọ̀?" àna mi ń bi ara rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi jókòó ṣọ́ ọ, ó ń retí kòkòrò. A ránṣẹ́ sí ọkùnrin tó wá ra ẹran níjọ́sí. Ó wá pẹ̀lú ike rẹ̀.

Ọjọ́ tí àna mi gbowó iṣẹ́, ó kówó wá. Mo kà á. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

"Ó ku mẹ́sàn-án."

"Owó àwọ̀n àti ti ọkọ̀ nìyẹn, Ẹ̀gbọ́n. Owó omi ló kù. Omi yẹn ni kò jẹ́ kó yọ òdòdó láti ọdún márùn-ún. Ẹ ò lè gbowó ohun tó bà á jẹ́."

"O ní pé pérépéré."

"Mo ní bẹ́ẹ̀. Màá san án. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ jẹ́ ká mọ ẹni tó jẹ ẹni."

Mo ti kà á síwá, mo ti kà á sẹ́yìn. Ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án náà ṣì wà nínú ìwé mi. Òjò ti dá báyìí, ẹ̀rùn mìíràn ti dé. Láàárọ̀ àná, àna mi fúnra rẹ̀ ló mú àgádágodo wá bá mi pé kí n fi ti ẹ̀rọ omi pa.