Ajá Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Kọ́ Láti Máa Gbé Nǹkan Wá

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí a ń gbé ní Kabong nílùú Jos, ajá kan wà nílé wa tí kò gbọ́ Yorùbá. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin ọmọ mi. Ọ̀dọ̀ bàbá kan tó múlé tì wá, ọmọ ẹ̀yà Bírọ̀m, ni wọ́n bí i sí, Haúsá ni bàbá náà sì fi ń pàṣẹ fún àwọn ajá wọn. Wọ́n fi í ta ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin lọ́rẹ, nítorí wọ́n rí i pé kì í lè bá wa sáré. Àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ti mú un láti kékeré, ọ̀pá méjì ló fi ń ti abíyá rìn.

Tíṣà láti Èkìtì ni bàbá wa. Wọn ò ní kí ajá náà má gbé ọ̀dọ̀ wa, ṣùgbọ́n ìyá wa ò fẹ́ ẹ rí. Wọ́n ní, "Bí ọyẹ́ bá dé tí kò tíì ní iṣẹ́ tó ń ṣe, a ó tà á." A mọ ohun tí ìyẹn jẹ́, torí ládùúgbò wa nígbà náà, ìkòkò ọbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ajá títà ń lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ níṣẹ́. Ó ká àkísà ṣù bíi bọ́ọ̀lù, ó jù ú, ó ní, "Kawo," ìyẹn ni pé kó gbé e wá. Ajá á sáré lọ he é, á wá dúró lókèèrè, á máa jùrù. Bí mo bá sáré lọ gbà á, á tún sá síwájú. Inú bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi.

Bàbá Bírọ̀m ń wò wá láti ẹnu ọ̀nà wọn. Wọ́n sọ fún ẹ̀gbọ́n mi ní Haúsá pé, "Ẹni tí a bá ń lé ló ń sá. Kẹ̀yìn sí i, kí o máa lọ."

Ẹ̀gbọ́n mi kẹ̀yìn sí i, ó ń rọra ti ọ̀pá rẹ̀ lọ. Kò pẹ́ tí ajá fi tọ̀ ọ́ lẹ́yìn, tó sì gbé àkísà sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Egungun ẹja ló fún un, ó sì fọwọ́ pa á lórí. Láti orí àkísà, wọ́n bọ́ sórí bàtà, lẹ́yìn náà igi ìdáná.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, òun àti ajá nìkan lọ sórí àpáta ẹ̀yìn ilé. Òjò dé lójijì, ti òun ti yìnyín. Ìyá wa da ìró borí, wọ́n sáré jáde, èmi náà tẹ̀ lé wọn. Ká tó dé ìdí àpáta, a rí i tó ń bọ̀, omi ń ṣàn lára rẹ̀, ajá sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ní òun yọ̀ ṣubú, ọ̀pá kan sì já bọ́ sínú odò kékeré tó wà nísàlẹ̀, níbi tí òun ò lè dé. Òun sì sọ fún ajá pé, "Kawo." Ajá wo omi, ó wo òun, ó sì sọ̀ kalẹ̀ lọ gbé e wá.

Nígbà tí a délé, ìyá wa nu ẹ̀gbọ́n mi gbẹ, wọ́n wá bẹ̀rẹ̀, wọ́n nu ajá náà. Wọ́n fi ìwọ̀nba Haúsá ẹnu wọn kí i pé, "Sannu da aiki," ẹ kú iṣẹ́. A ò gbọ́ ọ̀rọ̀ títà mọ́. Ó gbó kó tó kú nílé wa.

Láyé ìsinsìnyí, ṣéènì là ń fi so ajá mọ́ ẹ̀yìn géètì, gbígbó nìkan la sì ń kọ́ ọ. Mi ò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, ojú wa ti rí nǹkan nílùú Jos yìí. Lẹ́yìn rògbòdìyàn ẹ̀yà àti ẹ̀sìn, kálukú kó lọ sọ́dọ̀ àwọn èèyàn tirẹ̀, ògiri sì ń ga sí i. Ọmọ-ọmọ mi bi mí láìpẹ́ pé ta ló ń gbé lódìkejì ògiri wa, mi ò sì mọ̀ wọ́n rí. Ìtìjú mú mi. Lánàá, mo gbé kárọ́ọ̀tì díẹ̀ dání, mo lọ kan ilẹ̀kùn wọn. Wọ́n ṣí i fún mi.