Okùn Ògúnrẹ̀mí àti Àmì Dúdú Ojú Oòrùn

Okùn ni Ògúnrẹ̀mí fi ń wọn ilẹ̀ oko ní ìlú Glei, ní Togo, kí ọ̀dọ́ awọnlẹ̀ kan, Raymond, tó gbé ẹ̀rọ tó ń fi sátẹ́láìtì wọn ilẹ̀ dé. Láti ìgbà náà ni ìlara ti ń jẹ ẹ́ bí ikán. Lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ náà ṣìnà, tó wọn ilẹ̀ kọjá pèrègún ààlà, inú rẹ̀ dùn.

"Raymond, ṣé ẹ̀rọ rẹ mutí yó ni?"

"Bàbá, oòrùn ló bú gbàù, ó sì da iṣẹ́ tí sátẹ́láìtì ń rán sí ẹ̀rọ yìí rú. Àmì dúdú pọ̀ lójú rẹ̀ lásìkò yìí, ìyẹn ló ń jẹ́ kó máa bú léraléra."

"Títí láé?"

"Rárá o. Àmì náà máa dínkù, oòrùn á sì rọlẹ̀. Ó tó nǹkan bí ọdún mọ́kànlá kí wọ́n tó tún pọ̀ báyìí."

Ògúnrẹ̀mí ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ó ká okùn rẹ̀, ó ń bẹ Ọlọ́run kí oòrùn má rọlẹ̀.