Oògùn Tí Mo Sáré Lọ Gbà Padà

Ẹ̀jẹ̀ ti já aṣọ mẹ́ta tí Sàrátù ró síta kí ìyá ọkọ rẹ̀ tó mú un dé ọ̀dọ̀ mi láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ọdún kìíní mi lẹ́nu iṣẹ́ nìyẹn, èmi nìkan sì ni nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn kékeré kan lẹ́yìn Erunmu. Nǹkan oṣù rẹ̀ ni, ó ti di ọjọ́ kẹsàn-án tí kò dá. Inú ojú rẹ̀ funfun bí òwú. Mo yẹ̀ ẹ́ wò, kò lóyún. Mo wá pe dókítà wa, tí wọ́n máa ń wá lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, lórí fóònù.

"Ẹ fún un ní tiranẹsámíìkì," ni wọ́n wí. "Méjì láàárọ̀, méjì lọ́sàn-án, méjì lálẹ́. Tó bá di ọ̀la, kó lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ ti bi í bóyá ẹ̀jẹ̀ ti dì sínú iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ rí?"

Ohun tí mo bi í ni pé ṣé ó ní àìsàn kankan, ó sì ní rárá.

"Mo ti bi í, sà," ni mo dáhùn. Mo fún un ní méjì gbé mì, mo kó ìyókù fún ìyá ọkọ rẹ̀, wọ́n sì lọ sílé.

Bí ẹ̀jẹ̀ bá dì lójú ibi tó ti ń ya, ara a tún máa yọ́ ọ. Iṣẹ́ oògùn yìí ni pé kì í jẹ́ kó tètè yọ́, ìdí nìyẹn tí ẹ̀jẹ̀ fi máa ń dín kù. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ti dì sí lẹ́sẹ̀ rí kò gbọdọ̀ dédé gbé e mì, torí ẹ̀jẹ̀ lè tún dì, kó já, kó lọ dí ẹ̀dọ̀fóró.

Ọ̀sán ti pọ́n kí n tó rí káàdì rẹ̀ àtijọ́ nínú àpótí. Nọ́ọ̀sì tó ṣáájú mi ló kọ ọ́: lẹ́yìn ìbí ọmọ kejì, ẹsẹ̀ òsì wú, ẹ̀jẹ̀ dì síbẹ̀. Mo pe ọkọ rẹ̀, fóònù kò lọ. Mo ti ilẹ̀kùn, mo gun ọ̀kadà lọ sílé wọn. Ní gbogbo ọ̀nà oko ẹ̀gẹ́ yẹn, òkú ni mo ń rí níwájú mi.

Mo bá Sàrátù lórí ẹní. Oògùn ọ̀sán ti wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

"Má gbé e mì!" ni mo pariwo.

Ìyá ọkọ rẹ̀ dìde. "Kí ló dé? Alhamdulilahi, oògùn yín jẹ́. Ẹ̀jẹ̀ ti ń fà sẹ́yìn."

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ kó o fún mi."

"Kí ẹ̀jẹ̀ tún wá máa ya? N ò ní kó o!" Wọ́n ki páálí oògùn bọ abẹ́ ìró wọn.

Mo lè sọ pé oògùn náà ti bàjẹ́. Ṣùgbọ́n irọ́ tí mo pa láàárọ̀ ti tó mi. Mo kúnlẹ̀.

"Èmi ni mo ṣẹ̀, mà. Ìbéèrè kan wà tí mi ò bi í. Oògùn yìí lè pa á, nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wú nígbà kan."

"Ẹsẹ̀ yẹn?" Ó ya Sàrátù lẹ́nu. "Àìsàn lẹ bi mí, nọ́ọ̀sì. Èyí ti lọ."

Ìyá wò mí títí. Wọ́n yọ páálí náà, wọ́n jù ú sí mi lẹ́sẹ̀. "Ó yá, ẹ jẹ́ ká máa gbé e lọ."

Ọkọ̀ tí wọ́n fi ń kó gaàrí ló gbé wa lọ sí Ìbàdàn. Títí a fi kọjá Adégbáyì, mi ò gbójú kúrò lára ẹsẹ̀ rẹ̀. Bó bá wúkọ́, n ó bi í bóyá àyà ń ro ó. Bó bá dákẹ́, n ó fọwọ́ kàn án, bóyá ó ṣì ń mí.

Ní ilé ìwòsàn ńlá, wọ́n yẹ ẹsẹ̀ náà wò, kò sí ẹ̀jẹ̀ dídì. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára, wọ́n rí kókó tó wà nínú ilé ọmọ rẹ̀, wọ́n sì fi oògùn mìíràn tọ́jú rẹ̀. Mo pe dókítà, mo jẹ́wọ́.

"Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé bó ṣe rí gan-an," ni wọ́n wí, "kí ẹ sì fọwọ́ sí i."

Mo kọ ọ́.

Mo ṣì ń fún àwọn obìnrin ní oògùn yẹn; ó ti gba ọ̀pọ̀ sílẹ̀ lójú mi. Ṣùgbọ́n kí n tó ṣí páálí, mo máa ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo máa ń di ẹ̀yìn ojúgun tèmi mú. "Ṣé ibí yìí ti wú rí, kó gbóná, kó máa ro yín? Bó ti ẹ̀ ti san, ẹ wí fún mi." Àwọn kan a rẹ́rìn-ín, pé ẹ̀jẹ̀ ló gbé àwọn wá, kí ló kan ẹsẹ̀. N ó ṣì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ síbẹ̀ títí wọ́n á fi dá mi lóhùn.