Owó Ìpadà Àpèkẹ́

Ní ìsọ̀ tí a ti ń yan gàrí lójú ọ̀nà Ìdèrè ní Ìgbó-Ọrà, kò sí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ yá bíi ti Àpèkẹ́. Yóò máa yan gàrí, yóò máa bú èèyàn, yóò máa rẹ́rìn-ín, èéfín kò sì ní í fa omi lójú rẹ̀. Ọdún mọ́kàndínlógún la ti jọ ń dáná. Àbúrò ni mo kà á sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú kan náà kọ́ ló bí wa.

Ọmọ kan ṣoṣo tó bí, Babáfẹ́mi, ń tún fíríìjì ṣe ní Dúálà, ní ilẹ̀ Kamẹrúùnù. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ bímọ lọ́dún tó kọjá, Àpèkẹ́ ní òun gbọ́dọ̀ lọ wẹ ọmọ náà. Ó kó àjọ rẹ̀, a sì ránṣẹ́ pe Bámiṣẹ́ ará Lanlate, tó ti ná ọjà ibẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, pé kó wá bá wa ṣètò ìrìn àjò náà.

“Ìyá Fẹ́mi, ẹ lè fò lọ bí olówó,” ni Bámiṣẹ́ wí. “Ẹ sì lè wọ ọkọ̀ ojú omi kékeré pẹ̀lú àwọn ẹlẹ́ja, kí ẹ máa fi igbá gbọ́n omi.”

“Ìwọ ni o máa gbọ́n omi!”

“Ẹ jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ ná. Ti àárín ló yẹ yín. Bọ́ọ̀sì tó ní ìjókòó gidi dé Kàlàbá, òtẹ́ẹ̀lì tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ní kọ́kọ́rọ́, ọkọ̀ ojú omi ńlá láàárọ̀. Kí ẹ ṣẹ́ náírà díẹ̀ sí sẹ́fà, owó tí wọ́n ń ná lọ́hùn-ún, kí ẹ tó dé ibẹ̀.”

Àpèkẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ka tirẹ̀ kún un: páàsìpọ́ọ̀tù, páálí abẹ́rẹ́ àjẹsára, àpò gàrí mẹ́ta, èlùbọ́, àdí, ọṣẹ dúdú, léèsì fún ìyá ìyàwó tó ti ṣáájú rẹ̀ débẹ̀. “Mi ò ní fọwọ́ òfo jókòó ti àna mi.”

Mo bi í pé, “Owó ìpadà ńkọ́?”

Ó bú sẹ́rìn-ín. “Ìyá Ràhmọ̀t! Ta ló ń ti ilé gbé owó ìpadà lọ sílé ọmọ ẹ̀? Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n ní mi ò fọkàn tán Fẹ́mi ni?”

Òótọ́ ló sọ. Onílé ló ń fún àlejò lówó ọkọ̀, bẹ́ẹ̀ la bá a. Ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ náà ni ọkọ mi ṣe gbéra lọ sí Gàbọ́ọ̀nù, pé ẹ̀gbọ́n òun yóò fún òun lówó ìpadà. Ó débẹ̀, kò bá nǹkan kan lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n. Ọdọọdún ló ń ránṣẹ́ pé, “Tí mo bá ti rówó ọkọ̀.” Ní ọdún kẹsàn-án, wọ́n sin ín síbẹ̀. Wọ́n ní ibà ni. Lójú tèmi, owó ọkọ̀ ni.

Mo sọ ọ́ fún Àpèkẹ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ó yọ àpò gàrí méjì kúrò nínú ẹrù, ó fi àǹkárá pààrọ̀ léèsì. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi rán owó ìpadà mọ́ etí tòbí rẹ̀.

Ó lé díẹ̀ lóṣù méjì kó tó dé. Ìdí iná ló ti ròyìn fún mi.

“Nígbà tó yẹ kí n máa bọ̀, Fẹ́mi ní kí n lo oṣù kan sí i. Ó tún ní kí n lo ọ̀sẹ̀ méjì sí i. Mo wo ojú ẹ̀, mo wo ìkòkò, mo mọ̀. Ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ ti wà ní títì kí n tó dé, kò jẹ́ sọ.”

“O wá ṣe báwo?”

“Mo pè é sẹ́yìn ilé. Mo tú tòbí, mo kówó sí i lọ́wọ́. Mo ní, ‘Lọ́la, níwájú àna rẹ, kí o fún mi.’”

Bẹ́ẹ̀ ló rí. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, Babáfẹ́mi dọ̀bálẹ̀ níwájú gbogbo wọn, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé owó ọkọ̀ fún ìyá rẹ̀. Àpèkẹ́ súre fún un títí ìyá ìyàwó fi ń ṣe àmín tẹkún tẹkún.

“Fẹ́mi ò tètè dìde nílẹ̀, Ìyá Ràhmọ̀t,” ló wí, ó sì yí gàrí rẹ̀ padà.

Èyí tó ṣẹ́ kù lára owó náà, ó fi ra búrẹ́dì fún mi n'Íbàdàn. Mo jẹ ẹ́ nídìí iná níbẹ̀, mo sì jẹ́ kí èéfín gba ẹ̀bi omi ojú mi.